Kúùkù Ọkọ̀ Ìgbafẹ́ Lórí Odò Ọya

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí léèrè pé iṣẹ́ wo ló dára jù láti kọ́, ẹ jókòó kí n sọ ti èmi fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má retí pé n ó máa yìn ín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Iṣẹ́ kúùkù ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, orí omi ni mo ti ṣe é, nínú ọkọ̀ kan tó ń kó àwọn tó fẹ́ sinmi láti Onitsha lọ sí òkè odò, tó sì ń kó wọn padà. Ilé oúnjẹ tí mo dá sílẹ̀ ní àdúgbò Odoakpu ní Onitsha lẹ́yìn ìgbà náà ti bọ́ sọ́wọ́ ọmọ mi obìnrin báyìí, ẹni tó jẹ́ pé bí inú bá bí i, Ìgbò ló fi máa ń bá mi wí. Èmi kàn ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ni, mo ń wo ẹni tó yó àti ẹni tí kò yó. Ojú kúùkù kì í fẹ̀yìntì.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Adébọ̀wálé lorúkọ mi. Àbúrò bàbá mi tó ń ránṣọ ní Onitsha ló mú mi lọ síbẹ̀ nígbà tí ogun abẹ́lé parí, nígbà tí àwọn onílé ń padà wá bá ògiri tí kò ní òrùlé mọ́. Aṣọ rírán kò bá mi lára mu. Abẹ́rẹ́ gún mi títí ìka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ajere. Nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn kan tó ní ọkọ̀ ojú omi ń wá ẹni tí yóò máa fọ ìkòkò, mo lọ, wọ́n sì gbà mí. Owó rẹ̀ kò burú. N kò ní ohun tí mo fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ìyẹn.

Ọkọ̀ náà jẹ́ alájà méjì. Ìsàlẹ̀ ni ẹ̀rọ àti ilé ìdáná wà. Òkè ni àwọn èrò ń sùn sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń jókòó sí láti gba atẹ́gùn. Owó epo ti wọ ìlú nígbà náà. Àwọn òyìnbó tó ń tún afárá àti ojú títì ṣe wà níbẹ̀, àwọn ọ̀gá báńkì tí wọ́n gbé wá láti Èkó wà níbẹ̀, àwọn agbaṣẹ́ṣe tí àpò wọn ń wú sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Onitsha kò sì fún ẹnikẹ́ni ní ìsinmi: òòlù ń dún ní gbogbo àdúgbò, mọ́tò ń ké ní Upper Iweka láti àárọ̀ dalẹ́. Wọ́n á wọ ọkọ̀ wa, a ó máa rọra gun odò lọ. Bí abúlé kan bá wù wọ́n, a ó dúró. Wọ́n á wẹ̀ létí iyanrìn, wọ́n á jẹ, wọ́n á sùn, títí a ó fi dé Idah, nígbà mìíràn Lokoja, kí a tó yíjú sílé. Àwọn tí kò mọ ara wọn rí nígbà tí a ń tú okùn á ti máa pe ara wọn ní àna kí a tó dé.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ọ̀gá Etim, ará Calabar, ọkùnrin gíga, gbígbẹ, tí ẹ̀rín rẹ̀ wọ́n ju iyọ̀ ìgbà ogun lọ. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Bí mo bá wo ẹnu Ọ̀gá Etim ni, mi ò bá ti padà sídìí abẹ́rẹ́. Ó pẹ́ gan-an tó fi jẹ́ pé ìkòkò nìkan ni mò ń fọ̀. Bí mo bá fọ ọ́ tán, yóò ti imú rẹ̀ bọ̀ ọ́. Bó bá gbọ́ òórùn ọbẹ̀ àná, yóò jù ú sí mi lẹ́sẹ̀ kí n tún un fọ̀. Kò gbọdọ̀ sí ìkòkò tí ohun inú rẹ̀ kọjá ìdajì, nítorí ọkọ̀ ń mì. Gbogbo ọmọrí ni a ń fi okùn so mọ́ irin ààrò. Ọjọ́ kan, ó já òkúta wẹ́wẹ́ kan jẹ nínú ìrẹsì mi. Kò bá mi jà. Ó gbé ìkòkò náà lódindi, ó dà á sínú odò níṣojú mi, ó ní kí n lọ sọ fún àwọn èrò pé oúnjẹ yóò pẹ́ díẹ̀. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà.

Ọjà Ose Okwodu ló ti kọ́ mi ní ata. Yóò fi épírọ́ọ̀nù rẹ̀ di ojú mi láàrin àwọn ìyá aláta, yóò fi ata sí mi nímú, yóò bi mí pé ti ọdún yìí ni àbí ti èṣí. Bí mo bá ṣì í, yóò ní kí n jẹ ẹ́. Àwọn obìnrin náà á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Nwa Yoruba, ndo!" Wọ́n ń bá mi kẹ́dùn, wọ́n sì ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n, nítorí ata tó ti pẹ́ kò dùn ún jẹ lásán.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà tó ju gbogbo rẹ̀ lọ. Obìnrin kan nínú èrò bi mí bóyá edé wà nínú ọbẹ̀, torí pé edé máa ń mú kí ojú rẹ̀ wú. Mo ní n kò rò pé ó wà níbẹ̀. Ọ̀gá Etim gbá mi ní ọmọrogùn lórí ìka. Ó ní, "Cook no dey think. You know, or you ask." Lẹ́yìn náà ló jókòó tì mí, ó rọ ohùn rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá jẹun lọ́wọ́ rẹ ti fi ẹ̀mí rẹ̀ sí ọ lọ́wọ́, kúùkù tó bá ń purọ́ ohun tó wà nínú ìkòkò, kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń fi májèlé ṣeré. Láti ọjọ́ náà lọ, ohunkóhun tí èrò bá bi mí nípa oúnjẹ, bó ṣe rí ni mo ń sọ ọ́.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Igi ni a kọ́kọ́ ń dá, lẹ́yìn náà èédú, lẹ́yìn náà sítóòfù oníkẹrosíìnì tó ń sọ ìkòkò di dúdú. Nígbà tí gáàsì dé, Ọ̀gá Etim kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, ó ní òun kò lè fọkàn tán iná tí kò ní èéfín. Ẹja wa kò sí nínú fíríìjì nígbà náà. Inú agbọ̀n tí a so mọ́ ìdí ọkọ̀ ni a ń kó o sí, a ń fà á nínú omi, láàyè ni yóò wà títí a ó fi nílò rẹ̀. Fíríìjì dé, àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í yin ẹja tó ti kú láti ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó yá, ojú títì dára, olówó ra mọ́tò tirẹ̀, ẹni tó ń wá ìsinmi ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ta ọkọ̀ wa, mo sì lọ dá ilé oúnjẹ sílẹ̀. Ohun tó bá ní ìbẹ̀rẹ̀ á ní òpin. N kò sunkún ọkọ̀.

Ìrìn-àjò kan ṣoṣo ni mo sunkún rẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ kí ẹ tó pinnu bóyá ẹ ó kọ́ṣẹ́ yìí.

Omi ń fà lásìkò náà. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Ngozi mú ìyá rẹ̀ wá sínú ọkọ̀. Ìyá náà ti darúgbó, aṣọ dúdú ló wọ̀ látòkè délẹ̀, ó sì gbé búrẹ́dì àti kẹ́ẹ̀gì omi kan dání bí ẹni tó ń lọ sí ibi tí kò sí oúnjẹ. Mama ni gbogbo wa ń pè é. Ngozi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ìyá mi kò tíì sinmi láti ìgbà ogun. Mo ní kí n mú un kúrò nílé kó rí nǹkan mìíràn. Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀."

Àṣà Ọ̀gá Etim ni pé ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, a ó ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja tó bá wa ọkọ̀ wọn sún mọ́ wa, gbogbo èrò á sì jẹ nínú ìkòkò kan náà, olówó àti tálákà. Ó gbà pé ibẹ̀ ni ìrìn-àjò ti ń bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Ó máa ń dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, tí yóò máa wo àwo. Lọ́jọ́ náà, ọ̀gá báńkì kan láti Èkó àti ìyàwó rẹ̀ ń lá ìka, òyìnbó kan ń làágùn lórí ata, ṣùgbọ́n Mama kò fọwọ́ kan àwo rẹ̀. Ọ̀gá Etim rìn lọ bá a.

Ó ní, "Mama, person wey no chop, na cook shame be that."

Mama gbé ojú sókè. Ó ní, "Má bínú. Ọmọ mi wà nínú omi yìí."

Ó wá sọ ọ́ fún wa, díẹ̀ ní Ìgbò, díẹ̀ ní Pidgin. Chukwuma, àkọ́bí rẹ̀, wà nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kan tó ń ti ìhà Asaba bọ̀ nígbà ogun. Ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọkọ̀ náà kò dé èbúté, wọn kò sì rí òkú ẹnikẹ́ni. "Ẹja omi yìí ló jẹ ẹ́," Mama ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ṣé kí èmi náà wá jẹ ẹja?"

Ọ̀gá báńkì yẹn rọra gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé kí ọmọ ẹni kú sàn ju kí ó nù lọ. Obìnrin yìí, tirẹ̀ kú, ó sì tún nù. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ní ọjọ́ kejì, mo se iṣu lọ́tọ̀ fún un nínú ìkòkò tí ẹja kò kàn rí. Mo bu epo pupa sí i, mo gbé e lọ. Inú Ngozi dùn. Mama mú iṣu náà, ó gbé e dé ẹnu, ó wá dúró. Ó bi mí pé, "Ọmọ mi, omi wo lo fi sè é?"

Ẹ̀yin ọmọ, omi odò ni gbogbo ọkọ̀ ń lò. A ń jẹ́ kó tòrò, a ń sè é kó hó dáadáa, ṣùgbọ́n omi odò ni. Ngozi ń wò mí, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí. Mo ní, "Mama, omi odò yìí ni."

Ó gbé iṣu náà padà sínú àwo, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó yí ojú sí omi.

Ngozi tẹ̀ lé mi wọ ilé ìdáná. Ó ní, "Kí ló dé tí o kò sọ pé omi kànga ni? Kí ni yóò ná ọ?" Omijé ti kún ojú rẹ̀. Ọ̀gá Etim tó ń gé àlùbọ́sà dá a lóhùn láìgbé ojú sókè, ó ní, "Na me teach am."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ. Lókè, àwọn èrò ń rọra rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi iyanrìn funfun han ara wọn. Mama jókòó sí ìdí ọkọ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó ṣe, búrẹ́dì tán, omi inú kẹ́ẹ̀gì sì tán pẹ̀lú. A ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún un ní etí odò, ìyẹn ló ń gbé e ró. Ngozi bẹ̀ ẹ́ títí, "Nne, biko, biko," kò gbà. Nígbà tí ó dìde tí ó fẹ́ rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ̀n, ó tún jókòó. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé obìnrin náà lè kú sí wa lọ́wọ́, ẹ̀rù sì bà mí gidigidi.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gá Etim ní kí wọ́n so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ní abúlé apẹja kan nísàlẹ̀ Idah. Wọ́n sọ fún un pé kànga kan wà lórí òkè, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó mú korobá. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n lọ." Ó wò mí bí ìgbà tí mo gbé òkúta fún un jẹ. Ó ní obìnrin náà yóò bi òun léèrè, òun kò sì fẹ́ sọ pé wọ́n sọ fún òun. Òun fẹ́ sọ pé òun fúnra òun ló fà á nínú kànga.

Ó pẹ́ kí ó tó dé. Mama ti dìde, ó di irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, ó ń wo òkè. A rí i tó ń sọ̀ bọ̀, korobá lórí rẹ̀, épírọ́ọ̀nù funfun rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ó dé bèbè odò, ibi tí a ti fẹ́ na pákó sí i. Ó rí Mama. Ó gbé ọwọ́ kan sókè sí i, ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò rí rí láti ọjọ́ tí mo ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Odò ti jẹ abẹ́ bèbè náà láti ìgbà ìkún omi. Ilẹ̀ náà ya, ó sì lọ, pẹ̀lú ọkùnrin àti korobá.

Mo bẹ́ sómi. Ọ̀gá Etim kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Gbogbo ìgbà tó fi gbé lórí omi, kò kọ́ ọ. Erùpẹ̀ ti sọ omi di ẹrẹ̀, n kò rí ọwọ́ ara mi. Awakọ̀ wa ju okùn, àwọn apẹja sáré kó ọkọ̀ wọn sí i, gbogbo ọkùnrin abúlé náà wọ omi. Wọ́n ń rì, wọ́n ń yọ, láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn. Abẹ́ igi kan tó wó sínú odò ni wọ́n ti gbé e jáde. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò. Mo fi ọwọ́ mi nu ẹrẹ̀ kúrò ní ojú rẹ̀, mo ké bí ọmọdé.

Mama sọ̀ kalẹ̀ wá, Ngozi dì í mú. Ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ pé, "Nítorí omi mi ni. Nítorí omi mi ni."

Nígbà náà ni àgbà abúlé náà, ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ funfun báláú, wá bá wa. Ó ń sọ Ìgbò díẹ̀díẹ̀, mo sì gbọ́ ọ. Ó ní àṣà wọn ni pé bí wọ́n bá gbé ẹni tó kú sómi jáde, àwọn tó wọ omi kò gbọdọ̀ jẹun títí ìyá òkú á fi kọ́kọ́ jẹ nínú ẹja odò. Ìyẹn ni yóò fi hàn pé kò bá odò ṣe ọ̀tá. Bí kò bá jẹ, àwọn tó wọ omi yóò gbé àwọ̀n wọn sókè títí ìkún omi mìíràn, nítorí wọn kò lè wọ odò tí ìyá kan ń bá jà. Ó bi wá pé níbo ni ìyá òkú yìí wà.

Ìyá Ọ̀gá Etim ti kú tipẹ́, Calabar sì jìnnà. Àgbà náà ní obìnrin tó bá bímọ, tó sì ju òkú lọ lọ́jọ́ orí, lè dúró fún ìyá rẹ̀. A wo ara wa. Nínú gbogbo ọkọ̀ wa, ẹnìkan ṣoṣo ló ju Ọ̀gá Etim lọ.

Ngozi dìde. Ó ní, "Rárá. Ẹ má bi í. Ẹ wá nǹkan mìíràn ṣe." Ọ̀gá báńkì yẹn gbìyànjú láti fún àgbà náà lówó dípò rẹ̀, àgbà náà kò tilẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó wọ omi jókòó sórí iyanrìn, omi ń kán lára wọn, ebi sì ti sọ ojú wọn di pupa. Àwọn ìyàwó wọn dúró lẹ́yìn wọn. Kò sí ẹni tó bẹ Mama. Bóyá bí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́ ni, ìbá ti kọ̀.

Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní náà fún ìgbà pípẹ́. Ó tún ọrùn ẹ̀wù Ọ̀gá Etim ṣe. Ó bi mí pé kí ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ṣé ó sì ní ọmọ. Mo sọ fún un pé Etim nìkan ni mo mọ̀. Ó dùn mí gan-an pé ẹni tó fún mi níṣẹ́ tí mò ń jẹ, n kò mọ̀ bóyá ó ní ọmọ.

Mama wá sọ pé, "Wọ́n rí eléyìí." Ó gbé ojú sí àgbà náà. "Èmi ni ìyá rẹ̀. Ẹ mú ẹja wá."

Wọ́n mú ẹja wá, obòkún ńlá kan. Àwọn obìnrin dá iná sí etí odò. Ẹ̀yìn ọ̀gá mi ni mo dúró sí ní gbogbo ìgbà tí mo fi kọ́ṣẹ́. Ìkòkò yìí ni àkọ́kọ́ tí mo dá sè láìsí i. Ẹnìkan ti sáré lọ sí kànga, ó gbé omi tuntun wá síwájú mi. Mo nawọ́ sí i. Mama di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, "Bu ti odò."

Mo bù ú. Mo fi ata sí i, mo fi iyọ̀ sí i, mo jẹ́ kí ó hó dáadáa. Mo bu orí ẹja náà sínú abọ́, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ngozi ti yí ojú kúrò. Omi ọbẹ̀ ń dà sórí aṣọ dúdú Mama. Ó ya ẹran ẹja náà, ó fi sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ pẹ́, ó sì gbé e mì. Ó wo odò. Ó ní, "Chukwuma, ó tó. Máa sùn." Ó tún nawọ́ sínú abọ́.

Nígbà náà ni àwọn apẹja fọ ọwọ́ wọn, wọ́n sì sún mọ́ ìkòkò.